Àwọn Ekòló Mahbuba

Kò sí ẹni tó lè bú Tijani ní àdúgbò Halfawin pé ọ̀mùtí ni tàbí olè. Ahun ni wọ́n fi ń bú un, òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló fi já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin ní Túnìsì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, aago ọwọ́ kan àti orúnkún tó ń dùn ún ló mú bọ̀ nílé. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó kà sí nǹkan láyé ni àpótí onípákó mẹ́ta tó wà ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, níbi tí ooru oṣù kẹjọ pàápàá kì í dé. Ekòló ló wà nínú wọn, àwọn ekòló funfun tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, tí àwọn tó ń sin ẹja sínú gíláàsì máa ń fún ẹja wọn jẹ kó lè yé ẹyin.

Mahbuba ìyàwó rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n báyìí. Wọn ò bímọ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé àpótí wọlé, Tijani bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ là ń wá, o wá lọ kó ekòló wálé?"

"Àwọn wọ̀nyí ò kúkú ní bèèrè owó iléèwé lọ́wọ́ ẹ," ni Mahbuba dá a lóhùn.

Obìnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Á bu omi sí ilẹ̀pẹ̀ títí tí yóò fi tutù, ṣùgbọ́n tí o bá fún un lọ́wọ́, omi ò ní kán. Á rẹ búrẹ́dì sínú mílíìkì, á tẹ́ ẹ lé orí ilẹ̀pẹ̀, á fi gíláàsì bò ó. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, àwọn ekòló á ti lẹ̀ mọ́ abẹ́ gíláàsì náà. Èyí tó bá bu nínú búrẹ́dì, á yọ ọ́ kó tó ba ilẹ̀pẹ̀ jẹ́. Àpótí kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tirẹ̀, méjì kì í jẹ nínú búrẹ́dì kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣahun. Ẹni tó bá tọrọ, á bu síbí kan fún un tilẹ̀pẹ̀tilẹ̀pẹ̀. "Mú un lọ. Ọjọ́ tí tèmi bá kú, ilé yín ni màá ti wá gbà á."

Ọdún kẹrin rèé tí Mahbuba ti kú. Tijani tí kò fọwọ́ kàn wọ́n rí wá di alágbàtọ́. Láràárọ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀, á dojú korobá dé, á jókòó lé e, á ṣí gíláàsì, á máa wò wọ́n. Gbogbo ekòló tó ń wò yẹn, ìran èyí tí Mahbuba fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ni, ìran náà kò sì já rí. Ìdí nìyí tí kò fi lè fún ẹnikẹ́ni ní síbí kan mọ́. "Ṣé ẹ fẹ́ kó ìyàwó mi tán mọ́ mi lọ́wọ́ ni?" ló ń sọ fún àwọn tó bá wá. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bóyá torí oúnjẹ nìkan ni Tijani rò pé wọ́n ṣe ń pa òwe náà.

Ní àdúgbò yẹn, ẹnikẹ́ni kì í da búrẹ́dì sórí ààtàn. Èyí tó bá já bọ́, wọn á mú un, wọn á fẹnu kò ó, wọn á gbé e síbi gíga. Èyí tó bá ṣẹ́kù, wọn á fi àpò kọ́ ọ sára ògiri fún ẹni tó ní ẹran ọ̀sìn. Màmá Dalanda, arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún tó ń gbé lókè, kì í kọ́ tirẹ̀ síbòmíràn ju ẹnu ọ̀nà Tijani lọ, nítorí Mahbuba. Ọjọ́bọ̀ ló máa ń kọ́ ọ. Nígbà tó yá, àtẹ̀gùn ń da orúnkún Tijani láàmú, kò lè sọ̀ kalẹ̀ láràárọ̀ mọ́, ó wá sọ oúnjẹ àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di búrẹ́dì Ọjọ́bọ̀ kan náà. Àbí kí ni ìyàtọ̀?

Ní Sátidé kan, ó ṣí gíláàsì àkọ́kọ́. Kò sí ekòló kankan lára rẹ̀. Ó fi ìka wa ilẹ̀pẹ̀, òórùn burúkú gba imú rẹ̀, ohun tó rí ti di omi funfun. Ó ṣí ìkejì. Ó ṣí ìkẹta. Ó wá da gbogbo ilẹ̀pẹ̀ sórí ìwé ìròyìn, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ń wá ẹyọ kan tó ń mira. Láàárọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wà níbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun alásárì nírọ̀lẹ́. Kò rí ẹyọ kan. Ìbànújẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára débi pé ẹkún kò wá.

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì kún fún ilẹ̀pẹ̀ nígbà tí Màmá Dalanda kanlẹ̀kùn.

"Tijani! Àwọn ọmọ Mahbuba ńkọ́? Ṣé wọ́n gbádùn búrẹ́dì mi?"

"Búrẹ́dì wo, màmá?"

"Tọjọ́bọ̀ ni. Àwọn èèrà burúkú yẹn fẹ́ jẹ ẹ́ tán mọ́ mi lọ́wọ́! Mo bá fín oògùn kòkòrò sí i dáadáa, mo sá a sóòrùn. Ṣé kí n wá dà á nù ni? Ẹ̀ṣẹ̀ ni! Mo ní ekòló ṣáà ni yóò jẹ ẹ́, kì í ṣe ènìyàn."

Tijani la ẹnu. Ọ̀rọ̀ tó gòkè wá sí i lọ́fun lè pa arúgbó. Ó wo obìnrin náà tó fara ti ògiri, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Wọ́n gbádùn ẹ̀, màmá. Ẹ ṣeun."

"Ohun tí mo fi fẹ́ràn ẹ nìyẹn. Ahun ni ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n o kì í fi oúnjẹ ṣòfò."

Bí màmá ti gòkè lọ báyìí ni Tijani fọwọ́, ó wọ bàtà, ó fẹsẹ̀ rìn dé àdúgbò Bab Jedid, ní ṣọ́ọ̀bù Hamadi tó ń ta ẹja inú gíláàsì. Nínú gbogbo àwọn tí Mahbuba bu ekòló fún, òun nìkan ló kù. Àwọn yòókù ti kó lọ, àwọn mìíràn ti kú, àwọn kan ti gba oúnjẹ inú agolo lọ́gàá. Lójú ọ̀nà ló ti ń ṣírò rẹ̀: síbí kan tó. Láàárín oṣù mélòó kan, síbí kan á ti kún àpótí. Inú rẹ̀ tiẹ̀ fẹ́ẹ̀ dùn.

Hamadi dìde fún un, ó gbé àga fún un, ó ní kí wọ́n gbé kọfí wá. "Bàbá Tijani! Ẹ tiẹ̀ ṣì mọ ọ̀nà ibí?"

"Hamadi, ekòló tí Mahbuba fún ẹ. Síbí kan péré. Bó jẹ́ ìdajì síbí."

"Tiyín ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú. Gbogbo wọn."

Hamadi gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

"Bàbá, tèmi ti kú látoṣù kẹjọ. Wọ́n mú iná lọ fọ́jọ́ mẹ́ta, ooru pa wọ́n nínú fíríìjì. Mo wá sílé yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá, kí ẹ lè bu díẹ̀ fún mi. Mo kanlẹ̀kùn títí, Màmá Dalanda ló wá sọ látòkè pé bóyá ẹ rìnrìnàjò."

Tijani kò rìnrìnàjò. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló dúró sí, tó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ dání kí wọ́n má baà gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, títí Hamadi fi lọ.

"Ibo lẹ tiẹ̀ lọ nígbà yẹn?" ni Hamadi bi í.

"Mo wà nílé," ni Tijani wí.