Imú Kì Í Ṣe Ẹ̀rí

Ẹ̀gbọ́n màmá mi obìnrin kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Aránṣọ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá sanra sí i, ó máa sọ fún yín kó tó wọn yín.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì jẹ́ géńdé ọkùnrin, àjèjì kan tẹ̀lé àwọn amúnisìn dé, ó ní òun ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá èèyàn. Sójà méjì di bàbá mú. Àjèjì náà fi rúlà wọn imú rẹ̀, ó wọn orí rẹ̀, ó wá da ẹfun tí wọ́n pò bíi sìmẹ́ńtì bò ó lójú, ó fi ṣe ẹ̀dà ojú ọ̀hún. Inú gíláàsì ní músíọ́mù ló wà títí dòní. Ohun tí wọ́n kọ sí i lábẹ́ ni: “Akọ, àgbàlagbà.” Akọ kẹ̀! Ṣé òbúkọ ni?

Ìyá ẹ̀gbọ́n màmá mi ló mú un lọ síbẹ̀ léwe, tó fi bàbá hàn án. Láti ìgbà náà, kì í pẹ́ kó tó lọ kí i. Á kúnlẹ̀, á máa ròyìn ilé.

“Bàbá mi, ọmọ yín kékeré ti lọ fẹ́ aláwàdà kan. Kò níṣẹ́ lọ́wọ́, àmọ́ ó ń pa wá lẹ́rìn-ín.”

“Màmá, ẹ dìde, wọn kì í kúnlẹ̀ níbí,” ni ẹ̀ṣọ́ máa ń wí.

“Ọmọ mi, tí o bá rí bàbá tìẹ, ṣé òòró lo máa dúró?”

Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n gbé ojú náà fún òun, kí òun sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá òun kí òun tó kú. Ọ̀gá músíọ́mù béèrè ẹ̀rí. Ẹ̀gbọ́n màmá mi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti gíláàsì. “Ẹ wo imú yìí, ẹ wá wo tọ̀hún.”

“Màmá, imú kì í ṣe ẹ̀rí.”

Ẹ gbọ́ ná! Àwọn tó fi ìwọ̀n imú wa kọ̀wé pé orí wa ò pé, tí wọ́n fi gboyè ọ̀mọ̀wé, ọjọ́ tí imú fẹ́ ṣe wá lóore ni wọ́n tó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rí? Ẹ̀gbọ́n màmá mi rẹ́rìn-ín délé lọ́jọ́ náà. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọ̀gá, ẹ fi òdòdó ránṣẹ́ síbi ìsìnkú. Ẹ ṣeun. Ṣé òdòdó la bẹ̀ yín? Ta ló fún yín láṣẹ láti fi ojú bàbá oníbàbá ṣe ìran àpéwò? Ẹ jáde wá dárúkọ rẹ̀ ní gbangba, kí ẹ sì dá ọjọ́. A ti gbẹ́ ihò kékeré kan sáàárín sàréè ìyá àtọmọ. A ò ní dí i. Ẹ gbé bàbá wá.