Ẹni Tó Dọ̀bálẹ̀ Nílé Bàbá Mi

Bí àlejò bá dé ilé yín, tó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, tó ṣí fìlà, tó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ títí àyà rẹ̀ fi kan ilẹ̀, ṣé ẹ̀yin yóò bi í bóyá ibi ló gbé wá?

Bàbá tó bí mi kò bi í. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ilé wa, pákó sì ni bàbá ń tà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkíni ni gbogbo àdúgbò mọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá kí i lóòró, kò ní dá a lóhùn. Ẹni tó bá kàn fọwọ́ kanlẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù, yóò ní kó jáde kó tún wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, mo sì ń fi yangàn títí di òní.

Láyé ìjọba ológun, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣe olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ọ̀yọ́. Ó dìde níbi ìpàdé àwọn olùkọ́, ó ní kí àwọn sójà padà sí bárékè. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n bá mú, a kì í gbúròó rẹ̀ mọ́. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá sá wálé. Bàbá to pákó rẹ̀ jọ sẹ́yìnkùlé, ó fi àlàfo sílẹ̀ láàárín, ibẹ̀ ló fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ sí.

Àwọn sójà kọ́kọ́ wá. Wọ́n gbé bàtà ológun wọ pálọ̀.

"Bàbá, ọmọ ẹ tó lẹ́nu yẹn dà?"

Bàbá wo bàtà wọn. "Ṣé wọn kì í kíni níbi tí wọ́n ti bí yín ni?"

Wọ́n tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n tú àká, wọn kò rí i. Wọ́n lọ.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé nínú jalabíà funfun. Ó dọ̀bálẹ̀ bí mo ti sọ lókè yẹn.

"Ẹ káàsán, bàbá. Ẹ kú ìrun. Akẹ́kọ̀ọ́ bùrọ̀dá ni mí, sà. Ọ̀yọ́ ni mo ti wá wò wọ́n."

Ìyá mi yọjú. "Bàbá wọn, ẹ rọra o. A ò mọ̀ ọ́n rí."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìyá wọn, wò ó nílẹ̀. Mi ò tíì ní kó dìde, kò sì dìde. Ṣé sójà ló ń kíni báyìí?"

Ó pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó jáde tòun ti eruku pákó lórí, ojú rẹ̀ sì tàn. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni lóòótọ́! Ọmọkùnrin náà tún dọ̀bálẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ láti gbé e dìde, ilẹ̀ níbẹ̀ ni ọmọ náà ti gbá a lọ́wọ́ mú, mo gbọ́ tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ké ṣàkà. Ó súfèé. Àwọn sójà ya wọlé láti ilé kejì.

Mo ti di bàbá ọmọ nígbà náà, mo rò pé kò sí ohun tí ojú mi kò rí. N kò rí irú èyí rí.

Ọmọkùnrin náà wọ bàtà rẹ̀, ó dojú kọ bàbá, ó tún tẹríba. "A ti ń lọ, sà."

"Ó dàbọ̀, ọmọ mi," ni bàbá dáhùn. Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ tán kó tó mọ ohun tó sọ. Ó fọwọ́ bo ẹnu náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dọ̀bálẹ̀ fún òun mọ́, títí kan èmi.

Nígbà tí ìjọba yẹn kúrò, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi ti kú sí àhámọ́. Wọn kò fi ibi tí wọ́n sin ín sí hàn wá.