Nọ́ńbà Mẹ́fà Tó Ń Sá Mọ́ Kíkẹ́lọmọ Lójú

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni Kíkẹ́lọmọ Dáramọ́lá ti ń ṣe láti Ìbàdàn kó tó dé Maryland ní Amẹ́ríkà. Ní Laurel, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí iyè wọn ti ra ló ń bá ṣiṣẹ́. Kò bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀, kò bẹ̀rù òkú. Àmọ́ ìyá tó bí i lọ́mọ kò dá a mọ̀ mọ́ kó tó jáde láyé, ìyẹn sì ni ẹ̀rù tó ń gbé kiri.

Ilé iṣẹ́ wá ní páásíwọ́ọ̀dù nìkan ò tó mọ́ láti wọ kọ̀ǹpútà, nítorí àwọn olè. Fóònù á mú nọ́ńbà mẹ́fà wá, nọ́ọ̀sì á sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà kí nọ́ńbà náà tó yí padà. Kíkẹ́lọmọ á kà á lórí fóònù, ṣùgbọ́n kí ojú rẹ̀ tó dé orí kọ̀ǹpútà, ìdajì ti fò lọ. Lọ́jọ́ kan tó fẹ́ wo oògùn tí bàbá kan máa lò, kọ̀ǹpútà tì í síta pátápátá.

Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, “Ó ti dé. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára Màámi nìyí.”

Kò lè sọ fún Olúsọjí ọkọ rẹ̀. Tó bá ń wakọ̀, á máa fi orúkọ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì dán ara rẹ̀ wò. Orúkọ tó bá pẹ́ kó tó wá, àyà rẹ̀ á já.

Stephanie, ọ̀gá àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà, ló wá ṣí i fún un. Kíkẹ́lọmọ rọra bi í pé, “Ṣé èmi nìkan ni?”

“Ẹ̀yin nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ló ti wá rojọ́ ẹ̀. Àwa la gbé ohun tó le jù fún yín.”

Ó ki kọ́kọ́rọ́ pẹlẹbẹ kan, tí kò gùn tó ìka, bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. “Tẹ́ ẹ bá ti tẹ páásíwọ́ọ̀dù yín, ẹ fọwọ́ kan èyí. Kò sí nọ́ńbà mọ́.”

Kíkẹ́lọmọ fọwọ́ kàn án, kọ̀ǹpútà ṣí. Síbẹ̀, ẹ̀rù ò kúrò láyà rẹ̀. Nígbà tó délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Olúsọjí.

“Kí ló dé tó o fi ń dá a gbé?”

“Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́ jáde, á di òótọ́.”

Ọkọ rẹ̀ bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní iyè rẹ̀ pé, oorun ni kò tó o. Ó dúpẹ́. Àmọ́ kó tó dìde, ó bẹ dókítà pé kó fi òun sí àyẹ̀wò ọdún tó ń bọ̀.