Àgbàdo Tí Kò Hù

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òórùn àgbàdo kíkan ta sí mi nímú láti ilé ìdáná ọmọ ọmọ mi. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí fúnra rẹ̀, ó sì ti kó ike àti asẹ́ jọ rẹpẹtẹ. Mo bi í bóyá ó ti tọ́ omi rẹ̀ wò, ló bá ń wò mí bíi pé ogbó ti ń ṣe mí.

Ayétòrò létí òkun ni mo dàgbà sí, láyé ìgbà tí gbogbo ìlú jọ ń ṣiṣẹ́, tí a jọ ń jẹ. Omi òjò tí gbogbo wa jọ gbè sílẹ̀ ni mo ń mu, n kò da ara mi láàmú nípa omi rí. A kì í pọn ọtí níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi, ní abúlé kan lẹ́bàá Etíkàn, ni mo ti mọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọtí àgbàdo. Ìye ni gbogbo wa ń pè é, kò sì sí ẹni tí ọtí rẹ̀ dùn tó tirẹ̀ ní gbogbo etí odò ibẹ̀.

Nígbà kan tí mo lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn àna ń bọ̀ láti Òde Màhín wá ṣe ìdána àbúrò ìyá mi. Apẹ̀rẹ̀ àgbàdo kan ṣoṣo ni ọkọ̀ gbé dé láti Igbókọ̀dá. Ìye ní kí n rẹ ẹ́ fún ọtí ìdána. Inú mi dùn débi pé n kò béèrè ohunkóhun.

Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, iṣẹ́ náà kò le. Ẹ rẹ àgbàdo, ẹ tẹ́ ẹ sórí ewé kó hù, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sè é, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá fi sílẹ̀ kó kan. Bí kò bá ti hù, ẹ má wulẹ̀ dáná. Èmi sáré lọ pọn omi odò lásìkò tí òkun ń kún wọ̀ ọ́, tí iyọ̀ ti wọ inú omi. Ọmọ ọdún márùn-ún abúlé náà kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Títí di ọjọ́ karùn-ún, àgbàdo kò hù, ó kàn ń rùn ni.

Ìye ju hóró kan sẹ́nu, ó tu ú dànù.

“Ṣé ìgbà tí omi kún lo lọ pọn ọ́n?”

Mo kúnlẹ̀, mo bú sẹ́kún. Kò bú mi.

Lọ́jọ́ ìdána, kò sí ọtí. Ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn àna á ní a kò ka àwọn sí, kí wọ́n sì yíjú padà. Ìye dìde. “Ẹ má bínú, ẹ̀yin àna mi. Èmi ni mo ba àgbàdo náà jẹ́. Ogbó ti dé.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n mu omi àgbọn, wọ́n sì mú ìyàwó wọn lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni àwọn ará abúlé ti ń sọ pé ọwọ́ Ìye ti bàjẹ́ nídìí ọtí. Àwọn tó ń ra ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ ń dín kù. Ó ń gbọ́, kò sì dárúkọ mi títí ó fi kú.

Òkun ti gbé púpọ̀ nínú Ayétòrò mi lọ, kálukú sì ti ń dá oúnjẹ tirẹ̀ sè. Àgbàdo ṣì ń hù bó ṣe ń hù, omi iyọ̀ ṣì ń pa á. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo dàgbà, mo bímọ, n kò padà sí abúlé yẹn lọ sọ òótọ́. Nítorí náà mo ń sọ ọ́ báyìí: èmi ni mo pọn omi náà. Ọwọ́ Ìye kò bàjẹ́ rí.