Ìgbà Tí Mo Kọ Iyán Ẹ̀gbọ́n Mi

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ tí mo padà wálé sí Àrámọ̀kọ, kì í sí oṣù tí mi ò ní wọkọ̀ lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ibi tí wọ́n lọ́kọ sí. Àwa méjì péré la kù nínú ọmọ ìyá wa. Ẹ̀gbọ́n mi ló pọ̀n mí dàgbà nígbà tí ìyá wa ń lọ sóko. Bí mo bá ti dé báyìí, wọn kì í bi mí bóyá ebi ń pa mí. Iṣu á ti wà lórí iná. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó jẹ gbogbo oúnjẹ ayé tí kò jẹ iyán, kò tíì jẹun.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ṣọ́ọ̀ṣì wa pe àwọn nọ́ọ̀sì wá yẹ àwa àgbà wò lẹ́yìn ìsìn. Nọ́ọ̀sì gún mi níka, ó wo ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀, ó tún gún ìka mìíràn. Ó ní kí n lọ rí dókítà. Dókítà náà kò ju ọmọ mi àbíkẹ́yìn lọ. Ó ní, “Mà, kò tíì di àtọ̀gbẹ o, ṣùgbọ́n ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ dín iyán àti gààrí kù, ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, ẹ máa rìn dáadáa. Ó lè padà sẹ́yìn.”

Dín in kù ló sọ. Kò sọ pé kí n má fẹnu kàn án mọ́. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe nǹkan lábọ̀, ẹ̀rù sì ti bà mí. Àtọ̀gbẹ ló pa ìyá wa. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló tọ́jú wọn títí dé òpin, torí ọ̀nà jíjìn ni iṣẹ́ gbé mi lọ nígbà náà. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n mi rù hangogo, ó pẹ́ kí wọ́n tó lè rẹ́rìn-ín. Mo wá pinnu pé wọn ò gbọdọ̀ gbọ́ pé àrùn yẹn tún ń wá mi kiri. Mo fẹ́ kó ti padà sẹ́yìn kí wọ́n tó mọ̀ pé ó wá rárá.

Mo kó gbogbo gààrí ilé fún aládùúgbò. Mo gbé ṣúgà kúrò lórí tábìlì. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹja ni mo gbájú mọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárọ̀ lójú ọ̀nà Ìjerò kí oòrùn tó mú. Ẹsẹ̀ rírìn náà tún di ọ̀rọ̀ o! Àwọn ọlọ́kadà ń dúró: “Ẹ gùn ún, mà, mi ò ní gbowó.” Bí mo bá ní ó tó, wọ́n á wò mí tàánú-tàánú. Obìnrin kan tó ń lọ sóko gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀, ó gbàdúrà fún mi lójú títì pé Olúwa á bá mi fọwọ́ tọ́ ọkàn àwọn tó yẹ kó san owó ìfẹ̀yìntì mi. Inú ń bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí. Mo ní àmín, mo sì ń bá tèmi lọ.

Ìgbà tí mo tún dé Òkè-Ìmẹ̀sí, ẹ̀gbọ́n mi gbé iyán ka iwájú mi pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́. Mo ní mo ti jẹun nílé. Wọ́n wò mí. Ìgbà tó tẹ̀ lé e, mo ní inú ń run mí. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, mo ní mo ń gbààwẹ̀, ẹnu mi ò sì tíì padé tí mo fi gbé omi mu lójú wọn. Wọ́n rọra gbé abọ́ kúrò níwájú mi.

Nígbà tí mo tún lọ, kò sí iṣu lórí iná. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti kí mi bí a ṣe ń kí àlejò, wọ́n sì gbé omi inú ike tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù fún mi, ìdérí rẹ̀ ṣì dè pinpin. Mo dúpẹ́ nínú mi pé ọ̀rọ̀ iyán ti tán nílẹ̀. Gbogbo ìwé tí mo kà yẹn, kò là mí lójú!

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí níwájú ilé mi ní Àrámọ̀kọ, kúlà oúnjẹ lọ́wọ́ wọn. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n bu omi wá kí àwọn fọwọ́. Wọ́n ṣí kúlà, iyán àti ọbẹ̀ ni, ó ṣì ń gbóná. Wọ́n bu òkèlè kan, wọ́n fi run ọbẹ̀, wọ́n gbé e mì. Wọ́n bu òmíràn. Ojú mi ni wọ́n ń wò ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń jẹ ẹ́.

“O rí i pé mo ti jẹ ẹ́,” ni wọ́n wí. “Bí nǹkan bá wà nínú ẹ̀, èmi ló máa kọ́kọ́ pa. Ta ló sọ fún ọ pé àjẹ́ ni mí?”

Ta ni kò mọ ohun tó túmọ̀ sí láàárín wa, kéèyàn máa kọ oúnjẹ àgbà ẹbí rẹ̀ léraléra? Èmi tí wọ́n pọ̀n lẹ́yìn, mo ti sọ wọ́n di ẹni tó ń fi oúnjẹ pa èèyàn, mi ò sì mọ̀. Mo bú sẹ́kún, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Àrùn ìyá wa?”

“Kò tíì débẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń lé e padà ni.”

“Dókítà ní o ò gbọdọ̀ jẹ iyán mọ́ láé?”

“Ó ní kí n dín in kù.”

Wọ́n mí kanlẹ̀. “Bó o ṣe máa ń ṣe láti kékeré nìyẹn. Wọ́n á ní kó o bu omi díẹ̀ nínú àmù, gbogbo àmù lo máa dà nù.” Wọ́n gé iyán kékeré kan sínú abọ́ mi, wọ́n ní kí n lọ gbé ẹ̀fọ́ tí mo bá ní nílé wá. A jọ jẹ ẹ́. Ó ti pẹ́ tí nǹkan ti dùn lẹ́nu mi tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a fọwọ́ tán, wọ́n ní kí n bọ́ bàtà. Wọ́n fa ẹsẹ̀ mi sórí itan wọn lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ń la ọmọ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹ àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n ń bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n ní àárín ọmọ ìka ni egbò ìyá wa ti bẹ̀rẹ̀. Wọn ò rí nǹkan kan lẹ́sẹ̀ tèmi, síbẹ̀ wọn ò fi í sílẹ̀.

“Èmi ni mo wẹ òkú ìyá wa,” ni wọ́n wí. “Mi ò lágbára láti wẹ tìẹ. Ìwọ lo máa sin mí. Ṣé o gbọ́?”

Mo ní mo gbọ́.

“Sọ ọ́.”

Mo ní, “Èmi ni n ó sin yín, ẹ̀gbọ́n mi.” Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ mi sílẹ̀.