Sẹ́lò Ìyàwó Tíṣà

Bí ọyẹ́ bá ti ń là wá létè, ìyàwó tíṣà wa ní Igbó-Ọrà ni mo máa ń rántí. Kí ó tó fi òrí pa ara àwọn ìbejì rẹ̀, yóò ti fi aṣọ tútù bo sẹ́lò rẹ̀, gòjé ńlá tí wọ́n ń gbé sáàárín orókùn ta, kí igi rẹ̀ má baà sán.

"Àwọn ìbejì á sunkún bí ara bá ń ta wọ́n," ni ó máa ń wí. "Eléyìí ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni títí yóò fi là."

Òun ló fi gbogbo ìgbà ìkórè iṣu kọ́ àwa akọrin lórin Kérésìmesì. Nírọ̀lẹ́ kọńsáàtì, bó ṣe jókòó ti sẹ́lò báyìí ni Bàbá Ìjọ dìde.

"Màmá Ìbejì, obìnrin kì í yasẹ̀ báyẹn níwájú pẹpẹ."

Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ bá mi dá wọn lóhùn."

Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ohun tí Bàbá Ìjọ bá ti wí, abẹ gé e."

Màmá Ìbejì gbé sẹ́lò rẹ̀ jáde. A kọrin náà láìsí i, ọkọ rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, kò pe ọkọ rẹ̀ ní Bàbá Ìbejì mọ́. "Tíṣà" ló ń pè é nínú ilé ara wọn, bí àwa ará ìta.