Mọ́ínmọ́ín Tí Sístà Fìlómẹ́nà Gbé Fún Mi Nínú Lẹ́ńtì

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nínú Lẹ́ńtì kan fún yín, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ogun Bìáfúrà parí. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ti kú. Èmi ṣì wà, ẹnu mi sì ń ṣiṣẹ́.

Ọmọ Èkìtì ni mí, tíṣà ni mí, ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ọkọ tí mo fẹ́ ní ilé Àgùdà kan nítòsí Igbósẹ̀rẹ̀ ló mú mi wọ Kátólíìkì. Nínú ilé yẹn, ìyàwó àkọ́bí ọkùnrin ló ń darí Rosárì ní alaalẹ́ Lẹ́ńtì. Òun náà ló ń se fìréjọ̀n, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, tí ẹbí àti àdúgbò máa ń jẹ ní Gúdù Fúráìdè. Ìyá ọkọ mi ni wọ́n ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n kú, ó kàn mí, torí ọkọ mi ni àkọ́bí ọkùnrin.

Ṣé ẹ rò pé Sístà Fìlómẹ́nà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, gbà? Rárá o!

“Ará òkè ló fẹ́ wá kọ́ wa ní Rosárì? Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gba Lẹ́ńtì kan já ná! Ẹni tó bá jẹ ẹran lọ́jọ́ Ẹtì kò ní fọwọ́ kan ìkòkò ìyá mi.”

Bàbá ọkọ mi ní ó dáa, kí Sístà ṣì máa darí àdúrà, kí á wo ọwọ́ mi títí di Ọ̀sẹ̀ Mímọ́.

Mo pinnu. Lọ́jọ́rú Eérú, Fáda fi eérú sí mi níwájú orí, mi ò nù ún títí mo fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi tán. Láràárọ̀, Míísà kí n tó lọ síléèwé. Lọ́jọ́ Ẹtì Lẹ́ńtì, tí a kì í jẹ ẹran, mo ń kúnlẹ̀ gba àdúrà Ọ̀nà Àgbélébùú lórí sìmẹ́ǹtì líle, títí eékún mi fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Nígbà tí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ń sún mọ́lé, mo ra aṣọ àlùkò ní Jankara, mo fi bo àgbélébùú àti àwòrán Màríà inú ilé, bí ìyá ọkọ mi ti máa ń ṣe.

Sístà á kọjá, á ní, “Tíṣà, o ò tíì dìde? Eékún Áńgílíkà mà nìyẹn o, rọra!” Àwọn àbúrò rẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé e mì.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, mo ti iléèwé dé, omi nìkan ló wà níkùn mi. Ta ló kanlẹ̀kùn? Sístà Fìlómẹ́nà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú abọ́ mọ́ínmọ́ín!

“Ìyàwó wa, o mà ti rù o. Fi èyí ṣínu kí o tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹja ni mo fi sí i.”

Ẹni tí kì í dáhùn ìkíni mi! Mo dúpẹ́, ó lọ. Mo tú ewé ọ̀kan, ó ń ta sánsán. Ebi ní kí n gbé e sẹ́nu, ṣùgbọ́n ọkàn mi ní kí n kọ́kọ́ fi ṣíbí là á.

Kọ́ǹbíìfù, ẹran màlúù inú agolo! Ó kún inú rẹ̀, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ọ̀rọ̀ yé mi wàyí: kí n jẹ ẹ́ tán, kí ó wá pariwo níwájú ẹbí pé mo jẹ ẹran lọ́jọ́ Ẹtì.

Mo pa ewé náà dé. Mo gbé ebi mi lọ sí Ọ̀nà Àgbélébùú.

Lálẹ́, gbogbo ẹbí pé sí pálọ̀ fún Rosárì. Mo gbé abọ́ náà sí àárín, mo kúnlẹ̀ fún Bàbá, mo ní Sístà mi ṣàánú mi, wọ́n fún mi ní mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́ja, ṣùgbọ́n mi ò lè dá a jẹ. Kí Sístà jọ̀ọ́ bá mi fi ṣínu.

Ojú Sístà yí padà. Ó ní inú ń run òun.

“Ẹ kàn tọ́ ọ wò, Sístà mi.”

Ó ní òun ti yó. Ta ló ń yó nínú Lẹ́ńtì?

Bàbá na ọwọ́, wọ́n mú ọ̀kan tí mi ò tíì tú, wọ́n là á sí méjì. Wọ́n wò ó títí.

“Fìlómẹ́nà, irú ẹja wo nìyí?”

Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò rẹ̀ ló sọ wẹ́rẹ́ pé, “Bàbá, ẹja oníwo ni.” Ẹ̀rín sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín!

Bàbá yọ rosárì ìyàwó wọn tó ti di olóògbé lápò, wọ́n nà án sí mi. “Ìyàwó, bẹ̀rẹ̀.”

Mo bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti pe “Mo kí ọ, Màríà,” Sístà Fìlómẹ́nà náà ní láti dáhùn pẹ̀lú àwọn yòókù. Kí ni ì bá ṣe? Ní Gúdù Fúráìdè, èmi ni mo rin àgbọn tí mo rà ní Èbúté Èrò, èmi ni mo ro ìkòkò. Ó jẹ ẹ́, ó tún tọrọ sí i!

Ṣé ó tọrọ àforíjì? Kò ṣe é títí ó fi kú. Èmi náà, lọ́dọọdún, bí Fáda bá fi eérú sí mi lórí, mo máa ń sọ pé màá dárí jì í nínú Lẹ́ńtì yìí. Àjíǹde á dé, màá rí i pé ó ṣì kù díẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó ń wá bí ààwẹ̀ ọmọnìkejì rẹ̀ ṣe máa bà jẹ́ ti ba tirẹ̀ jẹ́ kó tó fẹnu kan nǹkan kan. Ẹ di tiyín mú. Ẹ sì máa la mọ́ínmọ́ín kí ẹ tó jẹ ẹ́!

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìyàwó nílé onílé, kí ni wọ́n gbé wá fún yín, kí ni ẹ sì fi dá wọn lóhùn? Ẹ sọ ọ́ síbí. Mo ti sọ tèmi.